Ìgò Inú Àpò Ọ̀gá Olóòótọ́

“Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.” Dókítà yí ìwé àbájáde náà kí tọkọtaya lè jọ rí i. “Irúgbìn tó ń di ọmọ, ẹyọ kan ò sí nínú àtọ̀ yín, sà.”

Ọkọ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama ni. Olóòótọ́ ni àwọn olùkọ́ ń pè é lẹ́yìn, torí àràárọ̀ ló ń to àwọn ọmọ sínú oòrùn tí á máa wàásù òtítọ́ fún wọn. Ní oṣù tó kọjá, ó lé ọmọ kan kúrò nílé ẹ̀kọ́ nítorí pé ó rán ẹlòmíràn wá ṣe ìdánwò fún un. Wákàtí kan gbáko ló fi sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn.

Ìyàwó rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ni, ẹni ọdún mọ́kànlélógójì. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣí inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta. Lẹ́ẹ̀kìíní, ilé ìwòsàn mìíràn ní àwọn ń wá ohun tó dí i lọ́nà. Wọn ò rí i. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n yọ kókó kékeré kan tí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan, wọ́n sì yọ ilé ẹyin rẹ̀ kan mọ́ ọn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọkọ ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì dára. Bí ọkọ bá dára, ta ló kù? Ìyá ọkọ kó ìwé méjèèjì sínú ọ̀rá, ó fi sínú báàgì. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí wọ́n kọ “ó dára” sí, ibẹ̀ ló sì ń fi ìka tẹ̀ fún gbogbo àlejò. “Ọmọ mi yege lẹ́ẹ̀mejì,” ni á wí, tí ojú rẹ̀ á wà lára ìyàwó. “Ẹ bá mi béèrè ti ẹnìkejì.”

Dókítà, obìnrin tí kò dàgbà púpọ̀, bi ọkọ bóyá ó ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí, bóyá nǹkan ti gbá a lábẹ́ rí. Ó ní rárá. Dókítà ṣàlàyé pé láyé àtijọ́, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ní báyìí, wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ fa irúgbìn láti inú kórópọ̀n fúnra rẹ̀. Ẹyọ kan péré tó láti fi sínú ẹyin obìnrin lábẹ́ awò tó ń sọ kékeré di ńlá. Bí ó bá sì jẹ́ pé iṣan ló wú níbẹ̀, wọ́n lè dì í. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀, ó ní.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan ni ọkùnrin yìí nílò. Kò dákẹ́ rí láyé rẹ̀.

“Dókítà, ẹ̀rọ yín ti bàjẹ́,” ó wí. “Ẹni tó ni àtọ̀ yẹn ti bí ọmọ mẹ́rin.”

Fáànù ń yí lókè. Dókítà gbé bírò sílẹ̀.

“Ta ló ni í, sà?”

Ọkọ ń wúkọ́. Ìyàwó ló dáhùn.

“Àbúrò wọn, mẹkáníìkì. Ó ti lọ gé ọ̀nà irúgbìn rẹ̀ lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn ọmọ kẹrin. Ìyàwó rẹ̀ sọ fún mi. Ó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ mi gbọ́, pé wọ́n á fi í wàásù.”

Ilé ìwòsàn gbà kí ọkùnrin gbé ìgò wá láti ilé, bí kò bá ti pẹ́ ju wákàtí kan lọ, tí ó sì móoru lára ẹni tó gbé e. Nítorí náà, ọ̀gá á yà sí ọgbà mẹkáníìkì. Àbúrò á wọ ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ti bàjẹ́, á padà pẹ̀lú ìgò. Ọ̀gá á fi sí àpò inú kóòtù, á sì máa yan lọ. Ó ti ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀ gan-an rí, ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ ọ́n. Ó ka ìwé náà tán, ó fà á ya.

“Dókítà,” ni ìyàwó wí, “nígbà tí wọ́n ṣí inú mi, àìsàn ta ni wọ́n ń wá?”

Dókítà tún mú bírò. Ó fa ìlà sórí iṣẹ́ abẹ Ọjọ́bọ̀ nínú ìwé rẹ̀.

Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ó ní ìgbéyàwó jẹ́ ìfaradà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wà nínú òun àti àbúrò òun. Ó bẹ dókítà kó kọ ọ́ pé àléébù náà wà lára òun àti ìyàwó òun, kí ọkàn Màmá má baà bàjẹ́. Ìyàwó ti gbé báàgì rẹ̀, ó ti jáde. Ìyá ọkọ wà lórí bẹ́ǹṣì ìta, ọ̀rá ìwé lórí itan. Wọ́n gbọ́ ohùn ìyàwó láti ẹnu ọ̀nà, kò pariwo.

“Màmá, ẹ kó ìwé yẹn fún ọmọ yín kejì. Òun ló yege.”

Dókítà mú ìgò tuntun láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní yàrá tó tẹ̀lé èyí ṣófo, pé ibẹ̀ ni ọkọ á ti fi tirẹ̀ sínú rẹ̀ lónìí, nọ́ọ̀sì á sì dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ọ̀gá Olóòótọ́ gba ìgò. Ó yí i lọ́wọ́, ó sì wo ìta, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò rán.