Ilé Tó Wà Nínú Sẹ́fà

Kí aránṣọ tó ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀, á kọ́kọ́ kúnlẹ̀ sábẹ́ tábìlì tó fi ń gé aṣọ. Á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá fọ́nrán òwú kúrò lára fáànù ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, á wò ó bóyá iná bátìrì rẹ̀ ṣì tàn, á sì ka iye ènìyàn tó wà nínú géèmù. Nígbà kan, ogójì ni wọ́n máa ń jẹ́. Mẹ́ta ló kù.

Ẹ̀rọ náà kò jọ ènìyàn lójú: kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n ti yọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kúrò kí ooru má baà pa á. Sẹ́fà ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ń pè é. Òun ló gbé odindi ayé géèmù kan dání, tí àwọn ènìyàn ń wọ̀ láti ilé kálukú wọn, tí wọ́n jọ ń dáko níbẹ̀, tí wọ́n jọ ń kọ́lé, tí wọ́n sì ń ja ara wọn lólè. Bí sẹ́fà bá kú, ayé ọ̀hún kú nìyẹn.

Ọdún méjì rèé tí àbúrò náà ti ṣaláìsí. Kọ́lékọ́lé ni wọ́n ń pè é nínú géèmù. Bíríkìlà ni bàbá wọn. Ogójì ọdún ló fi kọ́lé fún onílé, yàrá méjì tó háyà ló sì ń gbé títí di òní. Nígbà tí àìsàn dá ọmọ rẹ̀ dùbúlẹ̀, bàbá á jókòó tì í, á máa ròyìn ilé tí òun ìbá kọ́ ká ní òun rílẹ̀: bí pálọ̀ ì bá ṣe fẹ̀ tó, ibi tí oòrùn òwúrọ̀ á gbà wọlé, àtẹ̀gùn tí kò ga, nítorí eékún àgbà. Bí bàbá ti ń sọ ọ́ ni ọmọ ń kọ́ ọ nínú géèmù, búlọ́ọ̀kù kan lórí èkejì, fún oṣù márùn-ún gbáko. Nígbà tó parí, ó kan pátákó kan sókè ilẹ̀kùn, ó kọ ọ́ sí i pé, “Bàbá, ẹ wọlé.” Kò lo oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn.

Láti ìgbà náà, bọ́sàn-án bá ti pọ́n, bàbá á wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà kékeré tó wà ní ṣọ́ọ̀bù. Bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló mọ̀, èyí tó ń múni rìn síwájú. Á tẹ̀ ẹ́ láti ẹnu géètì ilé náà títí dé pálọ̀, á dúró síbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á wá ní kí ọmọ òun gbé òun padà sí géètì fún ti ọ̀la. Gbogbo ohun tó ń bèèrè lọ́wọ́ ayé kò jù bẹ́ẹ̀.

Kọ́lékọ́lé ti kọ ìgbésẹ̀ mẹ́sàn-án sínú ìwé kan fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kó tó lọ. Aránṣọ tẹ̀ lé mẹ́jọ nínú wọn bí ẹni tẹ̀ lé ìwọ̀n téèpù. Ìkẹsàn-án ló kó o nírìíra. Sẹ́fà máa ń ṣe ẹ̀dà ayé náà pa mọ́ ní ìdájí gbogbo, ìgbésẹ̀ kẹsàn-án sì ní: “Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ṣí ẹ̀dà kan, wọ inú rẹ̀, rìn dé ilé Bàbá.” Aránṣọ ní ta ló ráyè ìyẹn. Ta ló ń ṣí àpótí tó fọwọ́ ara rẹ̀ tì, kó máa wò ó bóyá aṣọ ṣì wà nínú rẹ̀? Àádọ́rùn-ún ẹ̀dà ló tún bá nílẹ̀. Àádọ́rùn-ún, ti nǹkan kan náà! Obìnrin tí kì í da àjákù aṣọ nù, ó ka èyí sí ìnákúnàá. Ó dín in kù sí méje: bí ìkẹjọ bá ti wọlé, èyí tó pẹ́ jù á jáde.

Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó kù nínú géèmù, tí wọ́n ń pè ní Olè Ọ̀sán, ti bẹ̀ ẹ́ rí pé kó fún òun ní ẹ̀dà kan tọ́jú. Ìyá Onílé ni wọ́n ń pe aránṣọ níbẹ̀, nítorí òun ló ń lé aláìmọ̀kan jáde.

“Ìwọ tí o jí àgùntàn aládùúgbò rẹ kó nínú géèmù lójú ọ̀sán gangan,” ni Ìyá Onílé kọ sí i, “ìwọ ni kí n fi ilé ṣọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ibà gbé bàbá ṣánlẹ̀. Oníbàárà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo aago, aṣọ rẹ̀ kò tíì rí áyọ́ọ̀nù. Iná kò sí ládùúgbò, ihò iná kan ṣoṣo ló sì wà lára bátìrì, wáyà sẹ́fà ló wà nínú rẹ̀. Ìgbésẹ̀ kẹfà ní kí a pàṣẹ fún sẹ́fà pé kó dáwọ́ dúró, kí a sì ní sùúrù títí yóò fi sọ fúnra rẹ̀ pé òun ti pa gbogbo nǹkan mọ́. Aránṣọ pàṣẹ. Kò dúró. Ó fa wáyà yọ, ó ti áyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ó lọ aṣọ, ó gbé bàbá lọ sílé ìwòsàn. Nígbà tó tan sẹ́fà padà lọ́sàn-án, ó jí wẹ́rẹ́. Ènìyàn mẹ́ta wọlé, kò sẹ́ni tó ráhùn.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni bàbá lò lórí ibùsùn. Kò sí ẹlòmíràn tó ń dé apá ibẹ̀ nínú géèmù. Lọ́jọ́ kọkànlá, ó rọra wá, ó jókòó, ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Ìyá mi,” ó ní, “ibo lo gbé mi sí yìí? Igbó nìyí.”

Aránṣọ fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Ibi tí géètì wà, igi ni. Ibi tí pálọ̀ wà, igi. Wáyà tó fà yọ ti ba ojú ibẹ̀ jẹ́, géèmù kò sì mọ ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó kàn hu igbó tuntun dí àlàfo náà. Ọkàn rẹ̀ kò kọ́kọ́ mì. Àwọn ẹ̀dà wà. Ó ṣí ti àná, igbó. Ti ìjẹta, igbó. Ó ń ṣí wọn lọ títí ó fi kan ìkeje, igbó ni gbogbo wọn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, méje péré ló sì ní. Òun tó mọ̀ pé bí bátánì bá ti wọ́, gbogbo aṣọ tí a bá gé lára rẹ̀ ló máa wọ́, òun ló fi ìdájí mẹ́wàá gé aṣọ lára bátánì tó ti bàjẹ́, tó sì ń da èyí tó dára nù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ilé lè mọ́.

Ó kọ̀wé sí Olè Ọ̀sán. Ó bi í bóyá, lọ́nàkọnà, ó jí ẹ̀dà kan. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó ń gbàdúrà pé kí ènìyàn jẹ́ olè.

Èsì rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. “Mo bẹ̀ yín nígbà yẹn, Ìyá Onílé.” Nígbà tó yá, ó kọ òmíràn: “Ẹ jẹ́ ká tún un kọ́. Mo rántí ilé náà dáadáa.”

Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi gé igi. Olè Ọ̀sán ní fèrèsé mẹ́ta ló wà ní iwájú, aránṣọ ní méjì. Wọ́n bi bàbá.

“Mi ò mọ̀ mọ́,” ni bàbá wí. “Ó ti pẹ́ jù tí mo ti ń rù ú kiri. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àbúrò rẹ tán, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀.” Ó wo ògiri tí wọ́n bẹ̀rẹ̀. “Ẹ má ṣòpò. Ṣé ilé ni mo máa ń wá wò ni?”

Aránṣọ sọ fún un nígbà náà, nípa áyọ́ọ̀nù àti nípa ẹ̀dà méje. Bàbá gbọ́ ọ dópin. Kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí. Ẹ̀pa ò bóró mọ́, àwọn méjèèjì sì mọ̀ ọ́n.

Bàbá ṣì ń wá lọ́sàn-án. Á tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, á rìn títí igi kan á fi dá a dúró, á dúró níbẹ̀ bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ní kí wọ́n gbé òun padà sí géètì. Aránṣọ á gbé e padà síbi tí géètì wà rí.

Ní àárọ̀ Sátidé gbogbo, bó bá ti gbá òwú kúrò lára fáànù tán, á ṣí ìwé àbúrò rẹ̀ sí ìgbésẹ̀ kẹsàn-án. Á mú ẹ̀dà kan, á wọ inú rẹ̀, á rìn dé ilé Bàbá. Á rí i pé igbó ni. Á fi bíròó sàmì sí i pé òun ti ṣe é, á pa ìwé dé, á sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.