Ìdajì Afárá Odò Nachipere

Kọnkéré kì í gbọ́ ẹ̀bẹ̀. Bí omi bá ti kàn án, ó ti ń di òkúta nìyẹn, yálà ẹ ti ṣe tán tàbí ẹ ò tíì ṣe tán. Tiyamike Msiska, ẹnjiníà obìnrin tó ń bójú tó afárá fún ìjọba ìlú, mọ èyí dáadáa. Ìdí nìyẹn tó fi yára lọ pàdé Baálẹ̀ Chimwala nígbà tó rí i tó ń bọ̀ létí odò, tó ti ṣí fìlà lórí bí ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ ikú wá.

"Ẹ pa ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré yẹn," ni Baálẹ̀ wí. "Falesi ti kú. Òkú wà nílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó jiyàn. Àwọn òṣìṣẹ́ sọ páànù kalẹ̀. Ọmọ àdúgbò ni gbogbo wọn. Bí òkú bá wà nílẹ̀, a kì í kọ́lé, ẹ̀rọ kì í dún, ọkùnrin á sì lọ gbẹ́ sàréè. Ẹni tó bá kọ̀, lọ́jọ́ tí ikú bá ya ilé tirẹ̀, òun nìkan ni yóò gbẹ́lẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́," ni Tiyamike wí. "Ibi tá a dé yìí ló burú jù láti dúró sí. Ẹ̀bá òpó ni ìwọ̀n ẹrù tó ń kọjá ti máa ń gé afárá. Bí tòní bá gbẹ síbí, tọ̀la ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ ká dé àárín. A lè dúró níbẹ̀."

"Látìgbà tí irun ti wà lórí mi lẹ ti ń wọn odò yìí. Òní lẹ wá ń kánjú?"

Òótọ́ ni. Alága ìlú mẹ́ta ti jẹ kọjá, ìwé ìbéèrè fún afárá kan náà ni Tiyamike ń gbé tọ̀ wọ́n lọ. Bí wọ́n bá kó kọnkéré yìí dànù, òjò á ti dé kí ìjọba tó fún un ní sìmẹ́ńtì mìíràn, àwọn ará ibí á sì tún fẹsẹ̀ la omi kọjá ní ọdún kan sí i.

Baálẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ẹni tó lòkú ló lọ̀rọ̀. Ẹ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Tiyamike ró aṣọ lé ṣòkòtò iṣẹ́, ó lọ jókòó sórí ẹní nílé òkú láàárín àwọn obìnrin. A kì í gbé ohun tá a bá wá ka iwájú ọlọ́fọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Látàárọ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ìdí rẹ̀ kanlẹ̀ nìyí, gbogbo ara rẹ̀ sì fẹ́ sùn síbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́kàn rẹ̀, ńṣe ló ń fi àtàǹpàkò tẹ kọnkéré yẹn wò nínú oòrùn.

Dolofina, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Kí ló funfun lọ́wọ́ yín báyìí?"

"Kọnkéré ni, Ìyá. Ó ti ń gbẹ. Kì í dúró deni."

"Òkú náà kì í dúró nínú oòrùn yìí." Ìyá àgbà mí kanlẹ̀. "Ariwo ẹ̀rọ yẹn ni mi ò fẹ́. Ẹ fọwọ́ pò ó. Ṣùgbọ́n tá a bá ti gbé àbúrò mi jáde, mi ò gbọdọ̀ rí ṣọ́bìrì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni létí odò."

Àwọn díẹ̀ tí wọn ò nílò nídìí sàréè ló padà, Kaliati, olórí òṣìṣẹ́, sì ṣáájú wọn.

"Ẹnjiníà, ọwọ́ kẹ̀? Látìgbà tí ẹ̀rọ ti dé ni mo ti dágbére fún ṣọ́bìrì."

"Ẹ padà lọ kí i."

Wọ́n da iyanrìn àti sìmẹ́ńtì pọ̀, wọ́n yí i títí àwọ̀ rẹ̀ fi di ọ̀kan. Wọ́n kó òkúta wẹ́wẹ́ sí i, wọ́n gbẹ́ ihò sáàárín, wọ́n bu omi sí i, wọ́n wá ń ti ẹ̀gbẹ́ wó o wọnú díẹ̀díẹ̀. Tiyamike tẹ ti àárọ̀ wò: àtàǹpàkò ṣì wọlé díẹ̀, tuntun ṣì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi irin gún tuntun mọ́ ti àárọ̀ kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Ẹ̀yìn ń dùn ún, kò sì na án, torí tó bá na án, kò ní lè tẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé àárín, ó fi pákó dábùú rẹ̀, ó sì sọ pé kí wọ́n má dan ojú ibẹ̀, kí èyí tó kù lè rí ibi dì mú. Orin ọ̀fọ̀ ṣẹ́ yọ láti ilé òkú: wọ́n ti ń gbé Falesi jáde. Kaliati sọ ṣọ́bìrì sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó.

Fóònù dún. Ọ̀gá ni, láti ọ́fíìsì.

"Ṣé afárá ti parí?"

"Ìdajì ni, sà."

"Ta ló ń kọ́ ìdajì afárá?"

"Àwa ni, sà," ni Tiyamike dáhùn. Ó pa fóònù, ó sì tò sẹ́yìn àwọn tó ń lọ sí itẹ́ òkú.