Bíréèkì Kejì

Iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn ènìyàn ní ọkọ̀ wíwà, mo sì lè búra pé kò sí ojo tó tó mi nídìí iṣẹ́ náà. Nínú ọkọ̀ tí a fi ń kọ́ni, bíréèkì kejì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ olùkọ́. Ẹsẹ̀ tèmi kì í kúrò lórí ẹ̀. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sọ mí ní Bàbá Bíréèkì. Nínú ilé pàápàá, bí ìyàwó mi bá sáré kọjá, ẹsẹ̀ ọ̀tún mi á ti tẹ ilẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ẹ̀rín la ń rín sí i títí àbíkẹ́yìn mi obìnrin fi jókòó sídìí ìtọ́kọ̀ pé kí n kọ́ òun. Lọ́jọ́ kẹrin, mo tẹ bíréèkì mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbà mọ́kànlá. Ó pa ọkọ̀, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Bàbá mi, ẹ ò gbà pé mo lè dá nǹkan kan ṣe. Tẹ́ ẹ bá tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, mi ò wakọ̀ mọ́ láyé mi."

Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà. Lára mi ló ti jogún agídí yẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra.

Mo gba ilé ìwòsàn lọ láti wá ojútùú sí ẹ̀rù mi. Dókítà ní apá kékeré kan wà nínú ọpọlọ tó máa ń ké gbàjarè kí làákàyè tó dé. Ó ní kí n máa jókòó jẹ́ẹ́ láràárọ̀, kí n fọkàn bá èémí mi lọ, kí n máa wo ẹ̀rù bó ṣe ń dé láìbá a jà.

"Tó bá yá, igbe yẹn lè rọlẹ̀ díẹ̀. Ẹ ó ráyè ronú kí ẹsẹ̀ tó ṣe tiẹ̀."

Odidi oṣù méjì ni mo fi jókòó. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, oorun ni mo ń sùn. Ìyàwó mi ní èémí mi ò ṣòro kíyè sí, pé àwọn aládùúgbò gan-an ń gbọ́ ọ.

Lánàá, mo bẹ ọmọ mi pé kó tún dán mi wò. Bá a ṣe dé oríta, ọkọ̀ akẹ́rù kan yọ sí wa láìwo ọ̀tún wòsì. Àyà mi já. Mo gbọ́ igbe náà nínú orí mi ketekete. Mo mí sínú, mo ní, "Ẹ̀rù nìyí." Ẹsẹ̀ mi ò mira. Ọmọ mi tẹ bíréèkì tiẹ̀, ọkọ̀ dúró, akẹ́rù kọjá.

"Ṣó o rí i?" Inú mi ń dùn ṣìnkìn. "Mi ò tẹ̀ ẹ́."

"Mo rí i, Bàbá mi." Ó wo apá ara rẹ̀. Gbogbo apá aṣọ rẹ̀ ló wà ní ìkúùkù mi, bọ́tìnnì ti já. Ojú tì mí, mo fẹ́ tú u sílẹ̀.

"Ẹ fi ọwọ́ yín síbẹ̀," ó ní. "Ẹ̀rù ba èmi náà."

Ó ki ọkọ̀ sí jíà, ó sì wà wá lọ sílé.