Aṣá Méjì Lójú Ọ̀nà Ìkòròdù

"Ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànléláàádọ́ta!"

Mísì Rosaline gbé aago ọwọ́ rẹ̀ sókè kí gbogbo èèyàn lè rí i. Olùkọ́ eré ìdárayá ni nílé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Yábàá, aago tó fi ń ka eré sísá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ló mú wá sójú ọ̀nà Ìkòròdù láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú yìí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pupa Lọ́yà Túbọ̀sún ni, afẹ́fẹ́ sì ti da irun orí rẹ̀ rú pátápátá.

Àwọn èrò wojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni Yẹ̀kínnì, tó máa ń na ara mọ́tò tó bá ti tẹ̀ ní Múṣin, sọ fìlà rẹ̀ sókè.

"Àgbà ti na ọmọdé o! Ṣàfíù, ọwọ́ ẹ ò ní rọ!"

Ni ariwo bá sọ. Ṣàfíù mẹkáníìkì, tó dúró ti mọ́tò aláwọ̀ ewé ní tirẹ̀, rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì fi àkísà nu ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ náà ò dọ̀tí.

Ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe mọ́tò méjèèjì. Aṣá ni wọ́n ń pè é ní gbogbo Múṣin, nítorí ẹyẹ fàdákà tó na ìyẹ́ sórí imú rẹ̀. Aláwọ̀ ewé yìí ni Aṣá àkọ́kọ́, ti Dókítà Ọlápàdé. Ọdún 1951 ni Dókítà ti rà á, ọdún mẹ́fà gbáko sì ni Ṣàfíù ti ń tọ́jú rẹ̀. Pupa yẹn ni Aṣá kejì, àbúrò rẹ̀. Kò tíì pé oṣù méjì tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun. Agbára ọgọ́jọ ẹṣin ni wọ́n ní ó wà nínú ẹ́ńjìnnì ẹ̀gbọ́n. Ti àbúrò jẹ́ igba ẹṣin ó dín mẹ́wàá.

Ohun tó fa ìdíje náà kò ju ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Níbi àpèjẹ kan ní Yábàá, Lọ́yà Túbọ̀sún, tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún tó sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìlú òyìnbó dé, sọ pé ẹni tó bá ṣì ní Aṣá àkọ́kọ́, kó yáa fún adìẹ kó máa yé sínú rẹ̀. Dókítà Ọlápàdé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára.

"Mo ní mẹkáníìkì kan ní Múṣin," ni ó wí, "ẹni tí kò jẹ́ kí mọ́tò mi mọ̀ pé òun ti dàgbà."

"Múṣin?" ni Lọ́yà dáhùn. "Ṣé àwọn tó ń fi òòlù tún aago ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yìí dé etí Ṣàfíù, kò sì lè gbé e mì. Ẹnu iṣẹ́ ológun ló ti kọ́ iṣẹ́ mọ́tò, nígbà ogun Bọ́mà, níbi tí ẹni tí mọ́tò bá kú mọ́ lọ́wọ́ lè má délé mọ́. Ọdún méjìlá ló ti ní ṣọ́ọ̀bù ní Múṣin, síbẹ̀ yàtọ̀ sí Dókítà, kò sí ọlọ́lá kan tó jẹ́ kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì òun. Nígbà tí Dókítà ní kí wọ́n fi mọ́tò méjèèjì wéra, òun ló kọ́kọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n yan máìlì kan lókè Ṣómólú, láti òkúta máìlì dé òkúta máìlì. Mọ́tò kọ̀ọ̀kan yóò dá sáré, láti orí ìdúró, Mísì Rosaline yóò sì jókòó ti awakọ̀ pẹ̀lú aago rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ojú rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Dókítà wa tirẹ̀, ó gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìndínláàádọ́ta. Lọ́yà wa tirẹ̀, ẹ sì ti gbọ́ èyí tó gbà.

Àwọn onímọ́tò tó wá wòran pagbo yí Ṣàfíù ká.

"Kí lo ṣe sí i gan-an?"

"Níbo ni ṣọ́ọ̀bù ẹ wà ní Múṣin? Màá gbé tèmi wá lọ́la."

"Èmi náà á wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ṣàfíù ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wọn. Nígbà tí mọ́tò pupa ń kọjá níwájú rẹ̀, tí Lọ́yà ti wọ jíà kẹta, ó ti gbọ́ ohun kan. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà kò ṣọ̀kan. Ó dà bí ìgbà tí ẹni méjì bá jọ ń gún iyán nínú odó kan, tí ọwọ́ ọ̀kan ń yá, tí ti èkejì ń fà.

Ó wo ibi tí Lọ́yà wà. Ọkùnrin náà dá dúró ti mọ́tò rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé e bí ẹni fi ọwọ́ lé aláìsàn.

"Wọ́n tàn mí jẹ," ni ó ń sọ fún Mísì Rosaline. "Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, kó gbé e lọ. Mi ò tún fẹ́ fojú kàn án."

Kùdírátù, ìyàwó Ṣàfíù, tó ń ta abọ́ tánganran lọ́jà Ojúwòyè, ti sún mọ́ ọkọ rẹ̀. Ó ti gun ọkọ̀ akẹ́rù Yẹ̀kínnì wá láti wo bí nǹkan yóò ṣe rí.

"Bàbá Àràmídé, kí ló dé? Gbogbo èèyàn ń kí yín, ẹ wá dijú mágo."

"Mọ́tò yẹn ò tíì sáré," ni Ṣàfíù wí.

"Kò tíì sáré kẹ̀? Ṣebí ojú gbogbo wa ni."

"Ìdajì rẹ̀ ló sá. Ìdajì yòókù ń sùn. Mo lè jí i."

Kùdírátù wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ta ló bi yín? Ọdún méjìlá lẹ ti ń bá iṣẹ́ yìí yí, òní lẹ́nu àwọn ọlọ́lá ṣẹ̀ṣẹ̀ gba orúkọ yín. Bí ẹ bá tún ti yẹn ṣe, tó wá borí, kí ni wọn ó sọ? Wọn ó ní mọ́tò tuntun ló dáa. Ta ni yóò rántí yín? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé."

Òótọ́ ni, Ṣàfíù sì mọ̀ pé òótọ́ ni.

"Kùdírátù, bí mo bá bá ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ sáré, tí mo sì borí rẹ̀, ṣé mo lè dé àárín ọkùnrin kí n máa yan? Mo fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ọwọ́ mi ṣe dára tó. Títí di ìsinsìnyí, mi ò tíì mọ̀."

Kùdírátù mí kanlẹ̀. "Ẹ̀yin náà àti ìgbéraga yín," ni ó wí, ṣùgbọ́n kò dì í mú.

Ṣàfíù lọ bá Lọ́yà, ó tẹrí ba díẹ̀. "Sà, mọ́tò yín ò jẹ̀bi. Ẹ jẹ́ kí n ṣí i wò."

Ojú Lọ́yà korò. "O ò tíì fi mí ṣẹ̀sín tó? Mọ́tò tuntun tí kò tíì pé oṣù méjì, kí n gbé e fún ọ tú palẹ̀?"

"Mi ò ní tú nǹkan kan palẹ̀, sà."

Dókítà Ọlápàdé wo Ṣàfíù tìyanu-tìyanu. "Ṣàfíù, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe ṣá? Àwa la borí o."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

Dókítà wo aago rẹ̀. Aago méje kò tíì lù, ìsìn di aago mẹ́sàn-án. Ó kọjú sí Lọ́yà. "Jẹ́ kó wò ó, Túbọ̀sún. Kí lo tún fẹ́ pàdánù?"

Ni wọ́n bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ṣàfíù ní kí Lọ́yà tan iná sí mọ́tò, kó jẹ́ kó máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ó fa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ nínú àpò rẹ̀, gígùn rẹ̀ kò ju apá kan lọ. Kabúrétọ̀ méjì ló ń bu epo àti afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì náà. Ó ki orí rọ́bà kan sétí, ó gbé èkejì sí ẹnu kabúrétọ̀ ti iwájú, ó tẹ́tí. Ó gbé e sí ti ẹ̀yìn, ó tún tẹ́tí.

Dókítà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ wò ó! Bí mo ṣe ń gbọ́ àyà aláìsàn gan-an nìyẹn."

Ti iwájú ń fa afẹ́fẹ́ gidi, fùù, bí èèyàn tó ń fẹ́ná. Ti ẹ̀yìn ń mí bí ẹni tó sùn. Ṣàfíù tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so méjèèjì pọ̀, èyí tó ń jẹ́ kí wọ́n jọ máa lanu nígbà kan náà. Ìdè rẹ̀ kan ti dẹ̀.

"Gbígbọ̀n orí òkun ló tú u," ni ó wí. "Bí ẹ bá tẹ iná, ọ̀kan á lanu, èkejì á máa tòògbé."

Ó fi sípánà kékeré mú ìdè náà, ó tẹ́tí. Ó yí i díẹ̀, bí ìbú èékánná, ó tún tẹ́tí. Kò kánjú. Àwọn èrò ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn kí ó tó nàró, kí ó sì na rọ́bà náà sí Lọ́yà.

"Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín, sà."

Lọ́yà wo rọ́bà, ó wo ṣòkòtò funfun ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀, ó ki rọ́bà sétí. Ó gbọ́ ti iwájú. Ó gbọ́ ti ẹ̀yìn. Ó tún padà sí ti iwájú.

"Wọ́n ti dọ́gba," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Nígbà tó dìde, kò gbọn ekuru orúnkún rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wà á. Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà nínú ẹ̀."

Etí Ṣàfíù kò fẹ́ gba *ẹ̀gbọ́n* tó gbọ́ yẹn. "Bí èmi ni màá wà á, ó yẹ kí n wa méjèèjì, sà. Kó má lọ jẹ́ pé ẹsẹ̀ awakọ̀ ló yàtọ̀."

Ó kọ́kọ́ wọ inú aláwọ̀ ewé. Láti ọdún mẹ́fà, kò wà á sáré rí tayọ ohun tó fi lè yẹ̀ ẹ́ wò. Mọ́tò olówó kì í ṣe ohun ìṣeré. Mísì Rosaline ní "Ó yá!", Aṣá fò dìde. Ṣàfíù mọ gbogbo ìró ara mọ́tò náà bó ṣe mọ ikọ́ Àràmídé ọmọ rẹ̀, ó sì mọ ìgbà tó yẹ kó pa jíà dà, kò fi ìṣẹ́jú àáyá kan ṣòfò. Nígbà tí wọ́n kọjá òkúta kejì, ó tẹ bíréèkì, mọ́tò náà sì ń wọ́ lọ jìnnà kí ó tó gbà láti dúró.

"Márùndínláàádọ́ta!" ni Mísì Rosaline kígbe nígbà tí wọ́n padà dé.

"A jẹ́ pé ẹsẹ̀ Dókítà ló wúwo!" ni Yẹ̀kínnì wí, Dókítà fúnra rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ó kan pupa. Níbẹ̀rẹ̀, àbúrò kò yá tó ẹ̀gbọ́n. Ara rẹ̀ wúwo jù ú lọ, bó bá jẹ́ pé wọn ò kọjá ìdí ọ̀pẹ àkọ́kọ́ lẹ́bàá ọ̀nà ni, ẹ̀gbọ́n ni ìbá yege. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀pẹ, nígbà tí Ṣàfíù wọ jíà kẹta, ọgbọ̀n ẹṣin tó lé náà jí. Ohùn ẹ́ńjìnnì náà ṣọ̀kan, ó sì ń ròkè. Ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé sábẹ́ wọn. Sítíárìn kò gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣàfíù gbọ́ ara rẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Bíréèkì ẹ̀ẹ̀kan péré, mọ́tò náà sì dúró bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ.

"Méjìlélógójì," ni Mísì Rosaline wí nígbà tí wọ́n padà dé, ó sì na aago náà sí gbogbo èèyàn.

Kò sẹ́ni tó mọ irú ariwo tó yẹ kí wọ́n pa. Dókítà Ọlápàdé súnmọ́ ọn.

"Ṣàfíù, sọ òótọ́ fún mi. Èwo ló dáa jù?"

"Àbúrò ni, sà. Ó fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta yá ju ẹ̀gbọ́n lọ, ó sì mọ ìdúró jù ú lọ. Ẹni tó ṣe é ti kọ́gbọ́n sí i."

Kùdírátù gbójú sílẹ̀. Ohun tó bẹ̀rù ti dé. Ṣùgbọ́n Lọ́yà Túbọ̀sún gbé ọwọ́ sókè.

"Ọ̀rọ̀ kan kù. Mo ní ìwé ìròyìn àwọn onímọ́tò ìlú òyìnbó nílé, èyí tí wọ́n ti dán Aṣá àkọ́kọ́ wò nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Mo ti kà á tó ìgbà mẹ́wàá. Máìlì kan láti orí ìdúró, mẹ́rìndínláàádọ́ta ni wọ́n kọ sí i, nígbà tó wà lọ́tun." Ó yíjú sí àwọn èrò. "Ọmọ ọdún mẹ́fà ni èyí. Ó sì sáré ju ọjọ́ tí wọ́n bí i lọ."

Ìgbà yìí ni àwọn èrò wá mọ irú ariwo tó yẹ kí wọ́n pa, wọ́n sì pa á. Yẹ̀kínnì gbé Ṣàfíù sókè kúrò nílẹ̀. Ṣàfíù ń wá ojú Kùdírátù láàárín èrò, nígbà tó sì rí i, obìnrin náà ń fi etí ìborùn nu ojú, ó ń ṣe bíi pé ekuru ló kó sí i.

Lọ́yà na kọ́kọ́rọ́ mọ́tò pupa sí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé e dání lọ sí Múṣin. Ẹ bá mi wo gbogbo ara rẹ̀. Màá wá gbé e lọ́la, Dókítà á gbé mi délé." Ó rẹ orí sílẹ̀. "Ẹ má bínú sí ọ̀rọ̀ tí mo sọ níjọ́sí."

"Ó ti tán, sà."

Àwọn èrò túká díẹ̀díẹ̀. Kùdírátù ti fẹ́ gun ọkọ̀ akẹ́rù Yẹ̀kínnì, nígbà tí Ṣàfíù ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì.

"Ìyá Àràmídé, wọlé."

"Èmi? Nínú nǹkan tí kò lórùlé yìí? Kí afẹ́fẹ́ gbé gèlè mi lọ?"

"Mi ò ní sáré."

Ó wọlé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di gèlè rẹ̀ mú. Ọ̀nà tó yá jù ti ẹ̀yìn ọjà kọjá tààrà sí ṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé oríta, Ṣàfíù yà sí ọ̀nà Ojúwòyè, níbi tí àwọn ọlọ́jà ti ń pàtẹ. Ó wọ jíà kejì, lẹ́yìn náà ó wọ èkíní. Igba ẹṣin ó dín mẹ́wàá ń rìn bí aláboyún. Àwọn obìnrin dìde nídìí àtẹ, wọ́n ń pe, "Kùdírá! Kùdírá, ṣé ìwọ nìyí?" Kùdírátù jáwọ́ lára gèlè, ó gbé ọwọ́ kan sókè, ó rọra ń dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹnì kan lórí kẹ̀kẹ́ ológeere ń lu aago lẹ́yìn wọn, kó lè rọ́nà kọjá. Ṣàfíù yà fún un, ó sì jẹ́ kó lọ.