Imú Bàbá Krste

Bàbá Krste fa egungun ẹṣin tẹ́ẹ́rẹ́ náà yọ nínú itan ẹlẹ́dẹ̀, ó gbé e sí imú, ó dijú. "Ó dára jọjọ! Ẹ gbé òmíràn wá!"

Itan mẹ́rin ló ti dára jọjọ láàárọ̀ yẹn, ta ló sì tó jiyàn? Ní Drniš tiwa níbí, bí Bàbá Krste bá ti fi egungun gún pršut, itan ẹlẹ́dẹ̀ oníyọ̀ tí a fi èéfín yan, tó sì gbóòórùn egungun náà, ẹjọ́ ti parí. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ṣèrìbọmi fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, àna rẹ̀ sì ń bọ̀ láti Istria, níbi tí wọn kì í ti í jẹ́ kí èéfín kan ẹran wọn. Bàbá Krste ti búra pé ẹran lòun máa fi di ọkùnrin náà lẹ́nu.

"Bàbá mi ní èéfín lẹ fi ń bo ẹran tó ti bàjẹ́ mọ́lẹ̀," ni Fjorela, ìyàwó Ante ọmọ rẹ̀, wí. Ó gbé ọmọ sí èjìká, ó dúró tì í.

"Bàbá ẹ kẹ̀! Nígbà táwọn baba ńlá wa ti ń fi iyọ̀ pa itan ẹlẹ́dẹ̀, tí wọ́n ń fi kọ́ sójú ẹ̀fúùfù òkè yìí, ewúrẹ́ nìkan ló ń gbé lọ́dọ̀ yín!" Ó gún ìkarùn-ún, ó fa òórùn rẹ̀ símú kíkankíkan. "Áà! Èéfín gidi rèé! Ó ń ta sánsán!"

Luca ìyàwó rẹ̀ fọwọ́ dimú. "Bàbá Ante, ọmọ ló ṣu sára o! Ẹ̀gbẹ́ yín ló wà!"

Wọ́n wo Bàbá Krste, Bàbá Krste wo ọmọ.

"Látìgbà wo lẹ ò ti gbóòórùn mọ́?" Luca bi í.

"Látìgbà àìsàn ìgbà òtútù yẹn." Ojú tì í débi pé ó jókòó sórí àpótí iyọ̀. "Tí mo bá wá gé èyí tó bàjẹ́ níwájú àna mi ńkọ́? Mo gbé! Ibo ni mo fẹ́ fojú sí?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Fjorela, àmọ́ kò rín in. Ó gbé ọmọ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó mú egungun, ó tún àwọn itan náà gún látìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹta, ó fà sẹ́yìn kíá. "Bàbá, èyí ti bàjẹ́ o."

"Yéè! Èyí tí mo fẹ́ gbé síwájú bàbá ẹ gan-an nìyẹn!"

Fjorela gbóòórùn ìkarùn-ún lẹ́ẹ̀kan, ó tún un gbọ́.

"Báwo ló ṣe rí?" Ohùn arúgbó náà ti lọ sílẹ̀.

"Ó dára, Bàbá. Ká sọ tòótọ́, ó dára ju tiwa ní Istria lọ."

"Ṣé wàá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá ẹ?"

"Ó tì o, láéláé!"

Bàbá Krste bú sẹ́rìn-ín. Ó bọ́ okùn tó fi ń so egungun náà kọ́rùn láti ogójì ọdún, ó fi kọ́ Fjorela lọ́rùn.

"Lọ́jọ́ Àìkú, ìwọ lo máa gún un."

"Níwájú bàbá mi?"

"Níwájú ẹ̀ gan-an. Kó fojú ara ẹ̀ rí i pé imú tí òun bí, ìdí èéfín wa ló ti gbọ́n."