Itọ́ Tonton Seidou

Bí ẹ bá ti wọ ilé àgbà kankan rí ní Tchaourou, ẹ ó ti rí fọ́tò náà lára ògiri: ọkùnrin kan nínú agbádá funfun, ó dúró ti kẹ̀kẹ́, ó di ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà mú, ojú rẹ̀ sì le bí ẹni tí wọ́n ń béèrè owó orí lọ́wọ́ rẹ̀. Agbádá lè yàtọ̀, ojú lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kan náà ni. Onífọ́tò tó máa ń ti Parakou wá láyé ìgbà náà ló ni ín, ó sì ń yá gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò. Ìdajì àwọn òkú ìlú yìí ló dúró ti kẹ̀kẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má wí bẹ́ẹ̀ létí Tonton Seidou, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Lójú tirẹ̀, bàbá wọn, Àlájì Bassirou, ló kọ́kọ́ ra kẹ̀kẹ́ ní gbogbo agbègbè wa, àwọn òkú yòókù kàn wá yá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni.

Èmi ni Sikirath. Ará Ṣábẹ̀ ni mí, mo ń ta wàgáṣì, wàrà àwọn Fúlàní, lẹ́bàá ojú irin tí ọkọ̀ kì í gbà kọjá mọ́. Ẹ má bínú pé mò ń pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní "ó". Níwájú rẹ̀, mo máa ń kúnlẹ̀, mo sì máa ń sọ "wọ́n". Ibí yìí, ẹ jẹ́ kí eékún mi sinmi.

Zakirou ọkọ mi ti kú, ó sì fi ọmọ kan ṣoṣo sílẹ̀ fún mi, Waliath. Nínú ẹ̀sìn wa, bí bàbá ọmọbìnrin kò bá sí láyé, tí bàbá bàbá rẹ̀ náà ti lọ, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni wálíì rẹ̀, òun ni yóò fi í fọ́kọ. Bí wálíì kò bá fọwọ́ sí i, Lèmọ́mù wa kò ní so yìgì. Ìyẹn ni pé inú ẹnu Tonton Seidou ni ìgbéyàwó ọmọ mi wà. Kò sí ibi tó burú tó ibẹ̀ láti fi nǹkan pamọ́ sí.

Djamal ni Waliath fẹ́, ọmọkùnrin tó ń tún alùpùpù ṣe ní Alafiarou. Ilé Bàbá Àlúkò ló ti dàgbà. Rahamatou ìyá rẹ̀ ló ti Goro wá fẹ́ ọmọ Bàbá Àlúkò, ó fa Djamal lọ́wọ́ wá, ọmọ náà ti ń sáré kiri nígbà yẹn. Bàbá Àlúkò gbà á, ó sọ ọ́ di ọmọ ọmọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Gbogbo Alafiarou ló mọ̀. Tonton Seidou nìkan ni kò mọ̀, nítorí kò fẹsẹ̀ tẹ ilé yẹn rí, kì í sì í béèrè àlàáfíà wọn. Ohun kan ṣoṣo ló mọ̀ nípa wọn: ó ní ẹrú ni wọ́n.

Bó ṣe ń rò ó nìyí. Ọwọ́ àwọn Fúlàní ni Àlájì Bassirou ti gba ìyá Bàbá Àlúkò, ó mú un wá sílé kó máa gúnyán, kó máa pọnmi. Obìnrin náà sì bí Àlúkò. "Oyún ló gbé wọlé," ni Tonton Seidou máa ń wí. "Ẹni tó bá ìyá rẹ̀ wọlé kì í ṣe ọmọ ilé." Nígbà tí Àlájì kú, wọ́n lé ìyá àti ọmọ lọ sí oko ní Alafiarou, àwọn tó kù sì jókòó ti ogún. Ibẹ̀ ni Bàbá Àlúkò gbin kajú sí, ibẹ̀ ló bímọ sí, ibẹ̀ ló darúgbó sí. Ọdọọdún, tí Iléyá bá dé, yóò gbé iṣu wá sí ilé ńlá. Wọn a gba iṣu náà, wọn a sì tẹ́ ẹní fún un lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí. Tonton Seidou tó jẹ́ àbúrò fún un a máa pè é ní Àlúkò lásán, bí ẹni ń pe ọmọ tó fọ́ àwo. Ojú mi ló ń ṣe.

Nítorí náà, nígbà tí Djamal rán àwọn àgbà wá tọrọ Waliath, Tonton Seidou rẹ́rìn-ín títí agbádá fi bọ́ léjìká rẹ̀.

"Ọmọ ọba àti ọmọ ẹrú? Sikirath, ṣé èéfín wàgáṣì ti wọ̀ ọ́ lórí ni?"

"Bàbá Saïd, ọba wo?" Mo kúnlẹ̀, àmọ́ mo béèrè.

"Ọba Ṣábẹ̀, quoi! Àwọn bàbá wa kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹṣin."

Ṣábẹ̀ ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni mo dàgbà sí, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tó sọ fún mi rí pé ìdílé ọba kan sọnù sí ọ̀nà Tchaourou. Ṣùgbọ́n àrùn ọba ti wọ ọkùnrin yìí lára. Ó lọ sí mairie, ilé ìjọba ìlú wa, ó ní kí wọ́n wá ìwé ìbí bàbá òun jáde. Wọ́n wá a títí, wọ́n rí i. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n bí i gan-an, wọ́n sì kọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sí ìsàlẹ̀: àgbẹ̀. Tonton Seidou ka ìwé náà lójú wa, ó ká a, ó ní ìlara ló pa akọ̀wé ìgbà náà.

Ìgbà náà ni Saïd ọmọ rẹ̀, tó wà ní Montréal, sọ fún un lórí fóònù pé níbẹ̀, bí ènìyàn bá tu itọ́ sínú ìgò kékeré kan, wọn yóò sọ ibi tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti wá àti ẹni tó bá a tan. ADN ni wọ́n ń pè é. Inú Tonton Seidou dùn bí ẹni tí wọ́n fi jẹ oyè lọ́jọ́ náà.

"Fi méjì ránṣẹ́," ló wí fún ọmọ rẹ̀. "Ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Àlúkò. Ká parí ọ̀rọ̀ yìí níwájú ayé. Kó má baà sí ẹrú tí yóò tún wá tọrọ ọmọ nílé mi."

Ẹ jẹ́ kí ó wà lákọsílẹ̀ o. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n fi ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó fi ipá mú un.

Lọ́jọ́ tí wọ́n máa tu itọ́, ó pe gbogbo ẹbí, ó pe Lèmọ́mù. Djamal fi alùpùpù gbé Bàbá Àlúkò wá. Wọ́n ṣàlàyé fún bàbá náà, ó gbọ́, ó gbójú sókè wo fọ́tò Àlájì tó wà lókè àga Tonton Seidou.

"Èmi náà ní irú ẹ̀ nílé," ló wí.

Ta ni kò ní fọ́tò kẹ̀kẹ́? Ó gba ìgò, ó tu itọ́ sí i, ó dé e, ó lọ jókòó sórí ẹní rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ó wá kan Tonton Seidou. Ó gbé ìgò sẹ́nu. Nǹkan kan kò jáde. Ó mi orí, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹnu tó ti ń tutọ́ lé ènìyàn lórí láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, ọjọ́ tí wọ́n bẹ̀ ẹ́ pé kó tu ú ni itọ́ tán níbẹ̀. Ìwé tó bá ìgò náà wá sì ní kò gbọdọ̀ jẹun, kò gbọdọ̀ mu omi. Níkẹyìn, Waliath bó ọsàn kíkan kan, ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ níwájú imú bàbá náà, òórùn rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í fa itọ́ náà jáde díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ti ń pe ìrun Àlàásárì kó tó dé ibi ilà tí wọ́n fà sára ìgò. Èmi lọ rẹ́rìn-ín mi ní ẹ̀yìn ilé ìdáná.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí èsì tó dé. Saïd fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Bí Tonton Seidou bá gbọ́n, ì bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ nínú yàrá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ balẹ̀ débi pé ó tún pe gbogbo wa jọ, ó fi fóònù sáàárín, ó tẹ̀ ẹ́.

"Papa, ẹ káàsán," ni Saïd wí. "Bon. Wọ́n ní apá kan yín wá láti Nàìjíríà, apá kan láti Bénin àti Togo."

A ń retí ìyókù. Kò sí ìyókù. Wọ́n fi itọ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun kí òyìnbó lè sọ fún wa pé ibi tí a jókòó sí yìí ni a ti wá.

"Wọn kì í kọ ọba síbẹ̀ o, Papa," ni Saïd tún wí, bí ẹni pé ó ń wo ojú bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ wá rẹlẹ̀. "Ti Tonton Àlúkò… Papa, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni yín. Ọmọ bàbá kan ni yín, ìyá ló yàtọ̀. Mo bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí àníàní níbẹ̀."

Fóònù dákẹ́. Bàbá Àlúkò ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú nǹkan kan tó fi ọ̀rá wé jáde, ó gbé e fún Lèmọ́mù. Fọ́tò ni. Àlájì Bassirou ni, agbádá kan náà, kẹ̀kẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n ọmọdékùnrin kan jókòó sórí irin kẹ̀kẹ́ níwájú rẹ̀, Àlájì sì fi ọwọ́ gbá a níkùn mú kó má baà ṣubú. Ẹ̀rín ló ń rín níbẹ̀. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkùnrin yẹn ní eyín.

"Ìyá mi ló tọ́jú ẹ̀," ni Bàbá Àlúkò wí. "Ó ní lọ́jọ́ kan wọ́n á béèrè."

Mo rò pé Tonton Seidou máa dákú. N kò mọ̀ ọ́n tó. Ojú rẹ̀ kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà ó tàn yòò. Ó dìde.

"Ó dára! Mo gbà!" ló pariwo. "Lèmọ́mù, ẹ gbọ́ o! Wàláhì, mo jẹ́rìí níwájú yín, Àlúkò yìí ọmọ bàbá mi ni, ẹ̀gbọ́n mi ni! Donc, Djamal ọmọ ọmọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ wa ni. Waliath, ẹ̀jẹ̀ wa ni. Ṣé àwa Nàgó ń fẹ́ ọmọ ilé wa ni? Wọn ò lè fẹ́ra! C'est fini, ó parí!"

Ṣé ẹ rí i? Lọ́jọ́sí, wọ́n jìnnà síra jù. Lónìí, wọ́n sún mọ́ra jù. Waliath bú sẹ́kún. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé eékún mi, mo dìde dúró, mo la ẹnu láti sọ ohun tí gbogbo Alafiarou mọ̀. Bàbá Àlúkò gbé ọwọ́ sókè sí mi, ó ní kí n ní sùúrù.

"Seidou, kí lo pè mí?"

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ọmọ bàbá mi!"

"Lèmọ́mù, ṣé ẹ gbọ́?"

"Mo gbọ́," ni Lèmọ́mù wí.

Bàbá Àlúkò yíjú sí Djamal. "Ṣé kí n sọ ọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí èmi fúnra mi sọ ọ́," ni Djamal dáhùn. Ó bọ́ sáàárín ilé. "Tonton Seidou, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn wọ ilé Bàbá. Ìyá mi ló fà mí lọ́wọ́ láti Goro. Bàbá tó bí mi lọ́mọ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Kò sí ẹ̀jẹ̀ yín kankan lára mi."

Tonton Seidou wo ojú wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ẹni tí yóò ní irọ́ ni. Kò rí ẹnì kankan.

"Irọ́ tó o ń pa mọ́ mi látọjọ́ yìí," ni Bàbá Àlúkò wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga rárá, "òótọ́ ni nípa ọmọ yìí. Òun ló bá ìyá rẹ̀ wọlé. A ò sì tẹ́ ẹní fún un lẹ́nu ọ̀nà rí."

Lèmọ́mù nu ojú rẹ̀. Ó ní gẹ́gẹ́ bí Seidou ti jẹ́rìí pẹ̀lú ẹnu ara rẹ̀, Àlúkò ni àgbà nínú ọmọ bàbá tó wà láyé, òun ni wálíì. Bàbá Àlúkò ní òun fi Waliath fún Djamal. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe parí. Tonton Seidou ní ẹ̀rọ òyìnbó máa ń parọ́. Lèmọ́mù ní òun kò pe ẹ̀rọ lẹ́rìí, ọ̀dọ̀ Seidou ni òun ti gbọ́ ọ.

Ojú gbogbo wa wá lọ sórí àga olórí ẹbí. Tonton Seidou rọra kúrò níwájú rẹ̀.

"Jókòó sórí àga rẹ," ni Bàbá Àlúkò wí. "Kajú ń bọ́ sílẹ̀ loko, mi ò ráyè àga. Ohun kan ni mo fẹ́. Láti kékeré ni mo ti ń retí kí ẹnì kan nínú ilé yìí pè mí ní ẹ̀gbọ́n. O pè mí lónìí, kó o lè fi lé ọmọ mi ni. Tún mi pè. Má fi ìjà sí i."

Tonton Seidou la ẹnu. Ó pa á dé. Ó tún là á. Bàbá Àlúkò ń wò ó, kò yẹjú. Ìgbà náà ni Waliath, ọmọ burúkú tí mo bí, nu omijé nù, ó mú ọsàn kíkan kan nínú àwo, ó lọ gbé e síwájú imú Tonton Seidou pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì kúnlẹ̀.

Waliath ti wà nílé ọkọ báyìí, ó ti lóyún. Fọ́tò méjèèjì ló wà lára ògiri ilé ńlá, èyí tí Àlájì ti ń rẹ́rìn-ín ló wà lápá ọ̀tún. Bàbá Àlúkò kò jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Tí ó bá wọlé, Tonton Seidou a dìde fún un, a ní "Ẹ káàárọ̀," tó bá wá ku "ẹ̀gbọ́n mi" tó yẹ kó tẹ̀ lé e, ikọ́ a gbé e. Mo máa ń bínú sí i, mo máa ń fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Fi í sílẹ̀, Sikirath," ni bàbá náà máa ń wí. "Lọ́jọ́sí náà, ó di Àlàásárì kó tó tu itọ́. Kó ṣáà ti ṣe é nígbà tí etí mi ṣì ń gbọ́ràn."