Ìbò Ojú àti Eyín

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín jẹ: nínú gbogbo àwa tí a fẹ̀yìntì níléeṣẹ́ ọ̀dà, kò sí ẹni tó mọ àwọ̀ bíi tèmi. Èmi ni mo máa ń po ọ̀dà. Oníbàárà á mú àkísà kékeré kan wá, á ní irú àwọ̀ yìí lòun fẹ́ fi kun ilé òun. Màá wo àkísà náà lẹ́ẹ̀kan péré, màá da funfun díẹ̀ sí i, màá kán dúdú bíńtín, màá rò ó pọ̀. Tó bá gbẹ tán lára ògiri, ẹ ò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín ògiri àti àkísà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ mí ní Ojú-Ò-Purọ́. Títí di òní, bí mo bá wọ gbọ̀ngàn ìpàdé, orúkọ yẹn ni wọ́n fi ń kí mi, orí mi á sì wú.

Pé ojú náà ti ń ṣe bàìbàì láti bí ọdún mélòó kan, ìyẹn ò kan ẹnikẹ́ni.

Ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì ní adójútòfò ìlera. Díẹ̀díẹ̀ là ń dá owó sí i lóṣooṣù, bí àìsàn bá sì dé, adójútòfò á sanwó ilé ìwòsàn fún ọmọ ẹgbẹ́ àti fún ọkọ tàbí aya rẹ̀. Ó ń wo ọkàn, ó ń wo kíndìnrín, ó ń wo orúnkún. Kódà, ó wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ Akápò wa nígbà tó fi kọ àga. Ṣùgbọ́n kì í wo ojú, kì í wo eyín. Àfi bíi pé ojú àti eyín kàn háyà yàrá sínú orí ni, wọn kì í ṣe ọmọ onílé.

Mo lè fara da ti ojú tèmi. Ti eyín ọkọ mi ni mi ò lè fara dà.

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi. Yàrá kan ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: àga kan tó ń yí, dígí kan, bẹ́ǹṣì kan fún àwọn tó ń dúró. Irun nìkan kọ́ ni wọ́n ń bá wá síbẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ ni wọ́n ń bá wá. Ọkùnrin yẹn á bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kó tó sọ ọ́ dé ìdajì yóò ti bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó wà lórí àga á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ò tíì gbọ́ ohun tó sọ, àwọn náà á ti máa di ìhà mú. Ẹ̀rín àríntàkìtì! Òdìkejì títì ni mo wà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rín yẹn, tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi pé ẹni tó ni ẹ̀rín yìí, màá fẹ́ ẹ, bó ti wù kó burẹ́wà tó. Ọlọ́run ṣàánú mi, kò burẹ́wà.

Nígbà tó yá, eyín iwájú kan jábọ́. Èkejì ní òun ò lè dá gbé, ó tẹ̀ lé e. Àwọn tó kù rí i pé ilé ti dá, àwọn náà kó ẹrù wọn. Bí ọkọ mi ṣe dẹ́kun ẹ̀rín nìyẹn. Aṣọ ìnura kékeré tó fi ń gbọn irun kúrò lọ́rùn àwọn oníbàárà ló wá di ìbòjú ẹnu rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá dùn jù, á fi bo ẹnu, èjìká rẹ̀ á máa mì, ohùn kankan ò ní jáde. Ó ń jẹun ní kọ̀rọ̀, ó ń rẹ búrẹ́dì sínú tíì bí ọmọ ọwọ́. Bí mo bá ní kó rẹ́rìn-ín fún mi, á ní, “Ìyàwó, kí ni kí n fi rẹ́rìn-ín?” Dókítà eyín ní òun lè ṣe òmíràn sí i, ṣùgbọ́n iye tó pè é, àfi ká ta ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú àga àti dígí. Ó dùn mí wọ egungun.

Ni mo bá gbé ọ̀rọ̀ dìde nínú ẹgbẹ́: ká fi díẹ̀ kún owó tí à ń dá, kí adójútòfò máa wo ojú àti eyín. Alága wa, ìyá kan tó jẹ́ olórí àwọn tó ń lẹ bébà mọ́ agolo nígbà ayé iṣẹ́, ní ká dìbò sí i ní ìpàdé ọdún. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ọ̀rọ̀ tí ìbò bá kọ̀, kò gbọdọ̀ tún yọjú àfi ní ìpàdé ọdún tó ń bọ̀. Odindi ọdún kan! Ọkọ mi á ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo fa ọkọ mi lọ́wọ́ lọ sí gbọ̀ngàn. Ọkọ àti aya àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kì í dìbò, ẹ̀yìn ni wọ́n ń jókòó. Ó jókòó síbẹ̀ jẹ́ẹ́, aṣọ ìnura lọ́wọ́.

Akápò ló kọ́kọ́ dìde láti takò mí. Ó gbọn agbádá rẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin ènìyàn mi, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó! Tá a bá wo ojú lónìí, tá a wo eyín lọ́la, irun orí ló kù tí wọ́n máa ní ká wò.”

Ẹ gbà mí! Ọkùnrin tó jẹ́ pé bó ṣe wọlé láàárọ̀ yẹn, àga tí wọ́n kó kóòtù lé lórí ló kí. Ó tún béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀ òkèèrè.

Èmi náà dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin àgbà, ojú lọba ara. Ṣé ọba lẹ máa tì síta, kẹ́ ẹ máa tọ́jú ìránṣẹ́? Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ wa já bọ́ lórí àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí. Kí ló fà á? Kò rí ìpele tó kẹ́yìn. Adójútòfò ò fún un ní awò ojú, ṣùgbọ́n ó sanwó egungun ìtan. Èwo ló wọ́n jù? Ikùn tí ẹ sì ń tọ́jú yìí, ta ló ń bá a lọ oúnjẹ? Ṣé kì í ṣe eyín? Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀ ń pa làpálàpá!”

Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fẹsẹ̀ kilẹ̀. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ fi ọ̀pá rẹ̀ lu ilẹ̀ gbàgbàgbà. Mo mọ̀ pé mo ti jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa ọlọ́dà ṣe ń dìbò. Láti ìgbà tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́, agolo ọ̀dà méjì là ń gbé síwájú. Búlúù ni ti ẹni tó bá gbà, aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó bá kọ̀. Igi pẹlẹbẹ tí a fi ń ro ọ̀dà lẹnì kọ̀ọ̀kan á mú dání, á sì jù ú sínú èyí tó bá wù ú. A kì í kọ nǹkan kan sára agolo. Kí la fẹ́ kọ? Ṣé ọlọ́dà lẹ máa kọ àwọ̀ fún?

Alága fọwọ́ ara rẹ̀ gbé agolo méjèèjì sórí tábìlì. Gílóòbù kan ṣoṣo ló wà lókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Èmi tí mo gbé ọ̀rọ̀ wá ló yẹ kí n ṣáájú, mo bá mú igi mi, mo rìn lọ bí ìyàwó tuntun.

Ìgbà tí mo dé ìdí tábìlì ni mo rí i pé agolo méjèèjì jọra bí ìbejì.

Mo ṣẹ́jú. Wọ́n ṣì jọra. Mo wo Alága, Alága rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Ṣé kí n wá béèrè ni? Kí Ojú-Ò-Purọ́ dúró níwájú gbogbo ènìyàn, kó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, èwo ni búlúù?” Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Mo rántí pé ọwọ́ ọ̀tún là máa ń gbé búlúù sí. Mo na igi mi sókè kí wọ́n lè rí i, mo jù ú sínú ti ọwọ́ ọ̀tún, ó ró kọ̀ǹgọ̀. Mo yíjú padà, mo ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá fẹ́ràn ara yín, ẹ tẹ̀ lé mi!”

Wọ́n tẹ̀ lé mi. Ẹnikẹ́ni ò wo agolo lẹ́ẹ̀mejì, ibi tí mo bá ju tèmi sí ni wọ́n ń ju tiwọn sí. Akápò àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ díẹ̀ gbé àyà sókè, wọ́n lọ ju tiwọn sínú èkejì, wọ́n ń wò mí tìkà-tẹ̀gbin.

Ìta la ti ń ka ìbò, nínú oòrùn, kí Akọ̀wé lè rí i kà dáadáa. Akọ̀wé gbé agolo méjèèjì jáde. Ó pẹ́ kó tó gbé wọn wọlé, nígbà tó sì wọlé, ojú rẹ̀ rí bákan. Ó ní, “Àwọn tó gbà ò ju ìwọ̀nba. Agolo aláwọ̀ ewé ló kún. Ẹgbẹ́ ti kọ̀ ọ́.”

Ọ̀rọ̀ di bó ò lọ o yà fún mi. “Màgòmágó!” lèmi pariwo. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ní òun fẹ́ mọ ẹni tó yí igi òun padà. Akápò pàápàá kọ́kọ́ lanu, nígbà tí ọ̀rọ̀ yé e, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ní, “Igi ti sọ̀rọ̀! Ó di ọdún tó ń bọ̀!” Mo jókòó. Ọdún kan sí i tí ọkọ mi á máa mi èjìká láìsí ohùn. Omi lé sójú mi.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín bú jáde lẹ́yìn gbọ̀ngàn.

Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ o. Ẹ̀rín tó mi fèrèsé ni. Gbogbo ènìyàn yíjú. Ọkọ mi ni, ó ti yọ̀ kúrò lórí àga, ó ń na ìka sí wa, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là gbàgàdà. Ó rí i pé a ń wo òun, kíá ló ti fi aṣọ ìnura bò ó.

Alága ní, “Bàbá Onígbàjámọ̀, kí ló pa yín lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀?”

Ó mi orí.

“Ẹ sọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́. Bí kò bá sí àlàyé, màá lu tábìlì, ìbò á sì dúró bẹ́ẹ̀.”

Mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa láti ibi tí mo wà, ṣùgbọ́n mo mọ ọkọ mi. Kò jẹ́ la ẹnu yẹn níwájú ọmọ tirẹ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ti èrò tó kún gbọ̀ngàn. Alága gbé ọwọ́ sókè láti lu tábìlì.

Ọkọ mi sọ aṣọ ìnura sílẹ̀.

Ó rìn wá síwájú, erìgì rẹ̀ ń dán nínú iná. Afẹ́fẹ́ ń gba inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde fíì, fíì, kò sì dáwọ́ dúró. Ó ní, “Ẹ̀yin òbí mi, ẹ̀yin àgbà ọlọ́dà, ẹ má bínú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ojú àti eyín, inú aláwọ̀ ewé lẹ ju igi sí. Ìyàwó mi ló kó yín lọ síbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ò fẹ́, ẹ̀yin nìkan lẹ dìbò fún un!”

“Irọ́!” Akápò fò dìde. “Aláwọ̀ ewé lèmi jù ú sí! Èmi? Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ṣiṣẹ́ ọ̀dà!”

Ọkọ mi gbé agolo méjèèjì dání níwájú rẹ̀. “Ẹ bá mi tọ́ka sí i, sà.”

Akápò tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó fẹjú, ó di ojú kan. Ó tọ́ka. Ọkọ mi mú un lọ́wọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà, sínú oòrùn, ó ní kó tún un wò.

Akápò wò ó títí. Agolo tó tọ́ka sí yẹn, búlúù ni, bí òfuurufú. Ó rọra ní, “Háà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rò pé ọ̀dà ayé òde òní ni ò dára mọ́.”

Ta lẹ fẹ́ kó má rẹ́rìn-ín? Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Ọkọ mi tún bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò sì lọ sí ẹnu. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ rẹ́rìn-ín títí ọ̀pá rẹ̀ fi bọ́, kò rí ibi tó bọ́ sí, ìyẹn tún dá ẹ̀rín mìíràn sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé kí ilẹ̀ lanu, inú mi sì dùn débi pé mi ò fẹ́ kó là á.

Alága fagi lé ìbò náà. Ó ní kò sí agolo mọ́: ẹni tó bá gbà kó lọ dúró síbi fèrèsé, ẹni tó bá kọ̀ kó dúró síbi ilẹ̀kùn. Gbogbo wa rọ́ lọ síbi fèrèsé. Akápò ló dé ibẹ̀ kẹ́yìn, ó di apá ọkọ mi mú kó má baà ṣìnà.

Bá a ṣe ń lọ sílé, mo ní ká yà lọ́dọ̀ dókítà eyín lọ gba ọjọ́. Ó ní rárá, ti ojú ló ṣáájú. Mo ní, “Ẹnu ta ni mo torí ẹ̀ tẹ́ lónìí?” Ó ní kí n dákẹ́ ariwo. À ń jà bọ̀ láàárín títì, àwọn ènìyàn ń wò wá, ó sì ń rẹ́rìn-ín pẹ̀lú erìgì lásán bí ọmọ oṣù mẹ́ta.

Nígbà tó yá, ó dúró, ó mú ọwọ́ mi. Ó ní, “Ìyàwó, bí wọ́n bá to eyín sí mi lẹ́nu tí o ò rí i, ta ni kí n máa rẹ́rìn-ín sí?”

Ọ̀dọ̀ dókítà ojú la kọ́kọ́ lọ.